Àìsàn Tí Wọ́n Ní Kò Sí Nílẹ̀ Wa

Obìnrin ọmọ ọdún 26 kan jí láàárọ̀, ojú òsì rẹ̀ ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. Bó bá yí ẹyinjú náà, ó ń dùn ún. Wọ́n fún un ní oògùn ojú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìríran padà díẹ̀díẹ̀, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́, ìtọ̀ sì há mọ́ ọn lára. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, lẹ́yìn náà ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, kó tó wá kan ọsibítù. Ẹni tó tọ́jú ojú kò gbọ́ nípa ẹsẹ̀. Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ kò béèrè nípa ojú. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ní Èkó, Accra, Cotonou tàbí Kano pẹ́ díẹ̀ yóò ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí.

Orúkọ méjì ló ṣeé ṣe kí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa jẹ́. Ọ̀kan ni multiple sclerosis, tí wọ́n ń ké kúrú sí MS. Èkejì ni neuromyelitis optica, tí wọ́n ń pè ní NMO. Nínú méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ló kọjú ìjà sí ọpọlọ, sí mùdùnmúdùn inú ọ̀pá-ẹ̀yìn àti sí iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Ibi tí wọ́n bá kọlù á wú, á gbóná, á sì fi àpá sílẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni pé MS jẹ́ àìsàn àwọn òyìnbó, àìsàn ilẹ̀ tútù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ náà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ara tàbí òtútù. Ó ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà fi ń wò, ta ló ní in, àti ta ni kò ní in. Láti mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, a ní láti padà sí Paris.

Ní ilé ìwòsàn Salpêtrière, Jean-Martin Charcot ló ṣàlàyé MS lọ́nà tó já gaara ní 1868. Kí ó tó dé, Robert Carswell àti Jean Cruveilhier ti ya àwòrán àwọn àpá náà sínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò so wọ́n mọ́ àìsàn kan tó ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìtàn obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Charcot, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń fọ́ àwo lójoojúmọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti lé e. Charcot fi í sílẹ̀ nínú ilé, ó ń ṣọ́ ọ, títí àìsàn fi wọ̀ ọ́ lára tí wọ́n gbà á sí ọsibítù, tó sì kú síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n la orí rẹ̀ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n bá àwọn àpá líle, eléérú, káàkiri. Orúkọ tí àwọn Faransé fún àìsàn náà, sclérose en plaques, láti ara àwọn àpá yẹn ló ti wá.

Mo máa ń ronú nípa obìnrin yẹn ju Charcot lọ. Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó lè rí ohun tó ń ṣe é. Bí ìmọ̀ nípa àìsàn yìí ṣe rí fún ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn: òkú ló ń jẹ́rìí. Bí dókítà bá fura sí MS lára alààyè, ìfura ni. Ìdánilójú ń dúró de ọ̀bẹ.

Ẹ wá gbé èyí wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mélòó nínú àwọn òkú wa là ń là wò? Mùsùlùmí fẹ́ sìnkú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọ̀pọ̀ ẹbí yòókù kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá pé wọ́n fẹ́ ṣí orí òkú àwọn. Kí òkú lọ ní odindi ni wọ́n ń wá. N kò bú wọn, èmi náà kò ní fẹ́ ẹ fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ara òkú nìkan ni wọ́n ti ń rí àìsàn kan, tí wọn kì í sì í la òkú níbì kan, kò yẹ kó yani lẹ́nu tí wọ́n bá ní àìsàn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Àwọn dókítà náà kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní 1919, Walter Dandy ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan láti wo ọpọlọ alààyè. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi tó yí ọpọlọ ká jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n á wá máa yí aláìsàn síwá sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè gòkè sínú orí, kí X-ray tó ya á. Orí fífọ́ àti èébì tó ń tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ. Kódà lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, ìrísí àwọn ihò inú ọpọlọ nìkan ni wọ́n ń rí. Bí jẹjẹrẹ bá ti ihò kan sí ẹ̀gbẹ́, ó hàn. Àpá MS kì í ti nǹkan kan. Kò hàn.

Irú ayé yẹn ni Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yunifásítì Ìbàdàn, UCH, ní àwọn ọdún 1960. Nígbà náà, kò tíì sí ẹ̀rọ CT níbikíbi láyé. Ohun tó ní ni òòlù kékeré tí wọ́n fi ń kan orúnkún, abẹ́rẹ́, fìtílà tí wọ́n fi ń wo inú ojú, àti ìfọkànsìn tó pọ̀. Ní 1971, ó tẹ ìwé jáde lórí bí àìsàn ọpọlọ àti iṣan ṣe rí ní ilẹ̀ olóoru, látinú ohun tí wọ́n rí ní Ìbàdàn. MS kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ohun tó rí ni ìdààmú ojú àti ti ọ̀pá-ẹ̀yìn lóríṣiríṣi. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ọlábọ̀pò Ọ̀ṣúntókun, tó jẹ́ dókítà ojú, kọ̀wé lọ́dún yẹn kan náà nípa ojú tó ń bàjẹ́ lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀ṣúntókun náà ló tọpa àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tó ń di etí, tó ń pa ìríran, lọ sí àwọn ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tó pọ̀, ó sì nawọ́ sí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́.

Iṣẹ́ ńlá ni. Kò sí ẹni tó lè ní Ọ̀ṣúntókun kò wòye. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà bó bá ti ń rìn láti ẹnu dé ẹnu. Ohun tí Ìbàdàn sọ ni pé “a kò rí i púpọ̀.” Ìgbà tó fi máa dé inú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ti di “kì í ṣe àwọn èèyàn dúdú.” Láti ibẹ̀, kò jìnnà sí “ẹ má wulẹ̀ wá a.”

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971 ni ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ọsibítù Atkinson Morley ní Wimbledon, Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi orí obìnrin kan sínú ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ti ilé-iṣẹ́ EMI ṣe. X-ray yí orí ká, kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, àwòrán ọpọlọ jáde ní ègé-ègé, láìsí afẹ́fẹ́, láìsí èébì. Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, tó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ ní Cape Town, pín Ẹ̀bùn Nobel ti 1979 pẹ̀lú rẹ̀. CT yí iṣẹ́ dókítà ọpọlọ padà pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ, egbò orí, kókó, gbogbo wọn hàn. Àpá MS ṣì ń sá pamọ́. Díẹ̀ lára wọn ni CT ń rí.

Ẹ̀rọ tó tú àṣírí náà ni MRI. Kò lo X-ray rárá. Omi pọ̀ nínú ara wa, hydrogen sì wà nínú omi. Òòfà ńlá inú ẹ̀rọ náà á mú kí hydrogen inú ara tò sí ojú kan. Ìgbì rédíò á gbún wọn kúrò nípò. Bí wọ́n bá ti ń padà sípò, wọ́n á máa fọhùn, kọ̀ǹpútà á sì fi ohùn náà ya àwòrán. Ibi tí ìjà ti wáyé, omi ibẹ̀ kò rí bíi ti ibi tó dá ṣáṣá, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Paul Lauterbur àti Peter Mansfield ló gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní 2003.

Ní 1981, Ian Young àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù Hammersmith, Lọ́ńdọ̀nù, kó èèyàn 10 tó ní MS jọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi CT wò wọ́n: àpá 19 ló hàn. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ tuntun náà wò wọ́n. Ó rí àwọn 19 yẹn, ó sì rí 112 mìíràn.

Mo gbà pé kò sí ìṣirò kan nínú gbogbo ìtàn yìí tó tó èyí. Èèyàn 10 kan náà ni, ọpọlọ kan náà, àìsàn kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ẹ̀rọ. Bí àpá 112 bá lè wà lórí èèyàn 10 ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù láìjẹ́ pé CT rí wọn, kí la fẹ́ sọ nípa ibi tí kò tíì ní CT páàpáà?

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ àti àìsàn jọ ń rìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ gadolinium kí wọ́n tó ya àwòrán. Ibi tí ìjà ti ń lọ lọ́wọ́, ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti jò. Gadolinium á wọlé, ibẹ̀ á tàn. Àpá àtijọ́ kò ní tàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, dókítà lè wo àwòrán kan kó mọ èyí tó jẹ́ ti àná yàtọ̀ sí ti òní. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí interferon ní 1993, oògùn àkọ́kọ́ tó ń dín ìkọlù MS kù, àwòrán MRI wà lára ẹ̀rí tó tì í lẹ́yìn. Ìlànà McDonald ti 2001 sì sọ ohun tí Charcot kò lè ronú kàn: aláìsàn kò ní láti dúró de ìkọlù kejì kí wọ́n tó mọ̀ pé MS ni, bí MRI bá ti fi àpá tuntun hàn. Àwòrán ti gba ipò ọ̀bẹ.

Nígbà tí àwọn èèyàn sì ti ní ojú, ìtàn “àìsàn òyìnbó” bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Marta Elian àti Geoffrey Dean ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Bìrìtìkó: àwọn tó ṣí wá láti Áfíríkà àti West Indies kì í fi bẹ́ẹ̀ ní MS, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń ní in bí àwọn ọmọ òyìnbó. Ní 2013, ìwádìí kan ní gúúsù California fi hàn pé nínú àwọn tí MS ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ìwọ̀n tàwọn aláwọ̀ dúdú ga ju tàwọn aláwọ̀ funfun lọ: nǹkan bíi 10 nínú 100,000 lọ́dún, sí 7. Awọ ara kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá mú kó ṣọ̀wọ́n nílé? N kò rò pé ohun gbogbo ni a lè dì ru àìsí ẹ̀rọ. Ní 2022, ìwádìí tó lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10 fi hàn pé ewu MS ń lọ sókè ní ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí kòkòrò Epstein-Barr bá wọ ara. Níbi tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kó kòkòrò yẹn láti kékeré. Nílẹ̀ òyìnbó, àwọn mìíràn kì í kó o títí di ìgbà ọ̀dọ́, ìgbà tó máa ń le jù. Oòrùn náà lè wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí MS ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n “ó ṣọ̀wọ́n” yàtọ̀ sí “kò sí,” ẹni tó bá sì ṣe é kò ṣe é ní ìdámẹ́wàá.

Ìbí yìí ni ọ̀rọ̀ NMO ti wọlé, òun ló sì kàn wá jù. Eugène Devic ní Lyon ṣàlàyé rẹ̀ ní 1894: ojú àti ọ̀pá-ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan náà tàbí léra wọn, bíi ti obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Fún 110 ọdún, àwọn kan ń jiyàn pé ẹ̀yà MS kan lásán ni. MRI kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ hàn: àpá MS inú ọ̀pá-ẹ̀yìn máa ń kúrú, ti NMO a máa gùn tó eegun ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ fúnra rẹ̀ sì lè mọ́ tónítóní níbẹ̀rẹ̀. Ní 2004, Vanda Lennon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic rí èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní NMO, tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní MS. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mọ ohun tó ń kọlù: aquaporin-4, ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ. Àìsàn mìíràn pátápátá ni.

Kì í sì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó. Ní Martinique, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, èèyàn 10 nínú 100,000 ló ní in. Ní Olmsted County ní Minnesota, tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò tó 4. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé Ìbàdàn ti 1971, tó kún fún ojú àti ọ̀pá-ẹ̀yìn.

Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni pé oògùn MS kan lè pa ẹni tó ní NMO lára. Interferon lè mú kí ìkọlù NMO pọ̀ sí i. Àwọn oògùn MS tuntun bíi natalizumab àti fingolimod náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà tó bá rí àpá funfun lórí àwòrán tó sì kọ “MS” láìbéèrè nǹkan mìíràn lè sọ aláìsàn di afọ́jú pẹ̀lú ọwọ́ rere. Àpá funfun pàápàá kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tó pọ̀ láàárín wa, a máa fi àpá funfun sínú ọpọlọ. HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ọpọlọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ìlànà McDonald ti 2017 fúnra wọn kìlọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dán an wò dáadáa ní ibi bíi Áfíríkà kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Àtúnṣe tó tẹ̀ lé e ní 2024 fi kún un pé kí wọ́n máa wá òpó ẹ̀jẹ̀ tínrín ní àárín àpá, nítorí pé àyíká irú òpó bẹ́ẹ̀ ni àpá MS ti ń hù. James Dawson ti rí èyí nínú ọpọlọ òkú ní Edinburgh ní 1916. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kó tó di ohun tí alààyè lè fi jàǹfààní.

Ṣùgbọ́n láti rí òpó tínrín yẹn, ẹ̀rọ náà ní láti lágbára. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, MRI 84 péré ni wọ́n kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. Nàìjíríà ní 58 nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì jẹ́ èyí tí òòfà rẹ̀ kò lágbára. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á. Òòfà alágbára ń fẹ́ helium olómi, tó tutù tó ìwọ̀n 269 ní ìsàlẹ̀ òdo, tọ̀sán-tòru. Ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, olówó kan ló lè dá a dúró. Òòfà kékeré kò nílò helium. Ẹni tó rà á ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Owó tí aláìsàn fi ń ya àwòrán kan náà, ní ọ̀pọ̀ ibi, ju 70,000 náírà tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lófin Nàìjíríà lọ.

Ìyà tó wà nínú rẹ̀ nìyí: iṣan ojú tínrín bí okùn, ó sì ń mì bí ojú bá ti ń yí, mùdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn kò nípọn tó àtàǹpàkò, ó sì ń jì bí ọkàn bá ti ń lù. Ibi méjì tí NMO ń gbé gan-an ni ẹ̀rọ tí kò lágbára kì í rí dáadáa. Àìsàn tó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiwa jù ti fara pamọ́ sí ibi tí ojú tí a rà kò dé.

Ìdí rèé tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ká kọ́kọ́ ra MRI ńlá, kí gbogbo nǹkan yòókù tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ kò nílò òòfà. Ìgò kékeré kan, tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, lè rìn láti Sokoto tàbí Ouagadougou lọ sí ibi tí wọ́n ti lè wá èròjà aquaporin-4 náà. Oògùn NMO tuntun, bíi eculizumab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019, wọ́n kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n prednisolone àti azathioprine, tó ti pẹ́, tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn wa, ṣì ń dín ìkọlù kù. Àwòrán rere wúlò, mo ti fi gbogbo àròkọ yìí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè “ojú rẹ ti ṣú rí?” lẹ́nu ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ni MRI àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní 2022, ní yunifásítì Mbarara ní Uganda, Johnes Obungoloch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn láti Leiden ní Netherlands àti Penn State ní Amẹ́ríkà, to ẹ̀rọ MRI kékeré kan pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n sì tan án. Agbára òòfà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n ti ẹ̀rọ ọsibítù ńlá lásán lọ. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí omi kún orí wọn ni wọ́n ṣe é fún, nítorí omi pọ̀ tó láti hàn kódà lójú ẹ̀rọ tí kò lágbára. Kò tíì lè rí iṣan ojú. Àwọn tó kọ́ ọ sì mọ ibi tí wáyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà kọjá, bó bá bàjẹ́ lọ́la, àwọn ni wọn yóò tú u.